Ọjọ́ Márùn-ún Lórí Odò Green

Nígbà tí a bá dárúkọ aṣálẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni iyanrìn tí kò lópin, ràkúnmí, àti oòrùn tí ń ta bí ata. Odò kì í sí nínú àwòrán náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Odò Ọya tí ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Jẹ́bà kọjá ti kọ́kọ́ fara kan etí aṣálẹ̀ Sàhárà nítòsí Tìmbúkútù kí ó tó kọjú sí ìhà gúúsù. Omi rẹ̀ kì í ṣe omi aṣálẹ̀; orí òkè ilẹ̀ Gíní ni ó ti gbé e wá. Bí odò aṣálẹ̀ ti máa ń rí nìyí: àlejò ni. Òjò ibòmíràn ni ó ń rù la ilẹ̀ tí òjò kì í sábà rọ̀ sí kọjá.

Ọ̀kan nínú irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni Odò Green ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Orí àwọn òkè Wind River ní ìpínlẹ̀ Wyoming ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ ní ìgbà òtútù. Bí yìnyín náà bá yọ́ ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà, odò a kún, a sì máa sáré. Tí ó bá fi di oṣù Kẹsàn-án, omi yóò ti fà, òkìtì iyanrìn yóò sì ti yọrí káàkiri ní bèbè rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 1,100, yóò dà pọ̀ mọ́ Odò Colorado nínú ìpínlẹ̀ Utah. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó gba inú àfonífojì kan kọjá tí ògiri àpáta pupa dúró sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí odò sì ń wọ́ kiri nínú rẹ̀ bí ejò tí ó yó.

John Wesley Powell ni ó sọ àfonífojì náà ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí di òní, Labyrinth. Jagunjagun ni, ó sì ti pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ogun Shiloh ní ọdún 1862. Ní ọdún 1869, òun àti ọkùnrin mẹ́sàn-án mìíràn bọ́ sínú ọkọ̀ mẹ́rin, wọ́n sì tọ odò náà lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rí. Mẹ́fà péré nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó bá odò já sí òpin ìrìn àjò náà. Ẹnì kan ti kúrò láàrin wọn nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn. Àwọn mẹ́ta mìíràn gbọ́ ariwo omi tí ó wà níwájú, àyà wọn já, wọ́n fi odò sílẹ̀, wọ́n gun òkè lọ, a kò sì rí wọn mọ́. Àwọn tí wọ́n dúró ti ọkọ̀ la omi náà kọjá láyọ̀, ọjọ́ kejì sí i ni wọ́n sì jáde sí gbangba. Ó ṣòro láti ka ìtàn yìí kí ènìyàn má ṣàánú àwọn mẹ́ta náà. Ẹ̀rù tí wọ́n bà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Omi náà burú lóòótọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún kan tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì gbé ọkọ̀ àjẹ̀ mẹ́ta lọ sí odò yìí láti lo ọjọ́ márùn-ún nínú àfonífojì Labyrinth. Obìnrin kan nínú wọn ni aṣáájú, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti ń mú un wá síbẹ̀ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó ga fíofío, tí kì í lè jókòó sójú kan, tí ó jẹ́ pé bí ó bá rí ohun gíga, yóò fẹ́ gùn ún ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì ni wọ́n ń dáná. Ẹnì karùn-ún jẹ́ ọmọ Yorùbá láti ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Odò ìlú rẹ̀ kì í kọjá orúnkún nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, kò sí ìyá tí yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Nígbà tí ó sọ ìrìn àjò náà fún ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ìyá dákẹ́ díẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé o ti gbàgbé pé òmùwẹ̀ ni omi ń gbé lọ?”

“Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Èmi kì í ṣe òmùwẹ̀, kò sì lè gbé mi lọ.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè wa ọkọ̀ gba ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi í ṣeré. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀wù amúniléfòó. Inú agbada irin ni kí wọ́n ti dáná, kí eérú má bàa dúdú lórí iyanrìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbé ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ padà sílé. Èyí tí ó ya ọmọ Yorùbá náà lẹ́nu jù lọ ni pé inú odò ni wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa tọ̀ sí. Nílé, ẹni tí ó bá tọ̀ sínú odò tí ará ìlú ń pọn yóò gbọ́ èébú tí yóò kan bàbá àti ìyá rẹ̀. Aṣáájú wọn ṣàlàyé fún un pé òjò kì í rọ̀ tó láti fọ iyanrìn, àyè àgọ́ kò sì pọ̀. Bí gbogbo àlejò bá ń tọ̀ sí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sùn níbẹ̀. Odò ní tirẹ̀ tóbi, ó sì ń lọ. Ó gba àlàyé náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó máa ń wo ẹ̀yìn wò bí ẹni tí ó ń jalè.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ṣàjèjì sí i. Omi Odò Green kì í mọ́. Àwọ̀ tíì oníwàrà ni ó máa ń ní, nítorí iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ó ń gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bù ú sínú korobá kí ó tòrò, kí ó tó sè é tàbí kí ó sẹ́ ẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, aṣáájú fa ọ̀rá kékeré kan yọ nínú ẹrù, ó fẹ́ máa ṣàlàyé bí wọ́n ti ń lò ó. Ọmọ Òkè-Ògùn náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì fi í sí ètè. Álọ́ọ̀mù ni. Álọ́ọ̀mù tí ìyá rẹ̀ ń rà lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi da omi kànga rò nínú dúróòmù. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n fi iṣẹ́ omi lé lọ́wọ́. Ní àṣálẹ́, yóò bu omi sínú korobá méjì, yóò da álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, yóò fi igi rò ó, yóò sì fi í sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, omi tí ó wà lókè yóò ti tòrò kedere, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀, nǹkan bí ìka méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n pàgọ́ sí ẹnu àfonífojì kékeré kan tí ó já sínú odò. Omi kò sí nínú àfonífojì kékeré náà rárá, iyanrìn gbígbẹ àti òkúta nìkan ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, omi ti jẹ ìdí àpáta wọlé; pèpéle kan sì yọ jáde ní òkè rẹ̀, nǹkan bí mítà 6 sí ojú omi. Pèpéle kejì wà nísàlẹ̀ tí kò ga ju ènìyàn kan ààbọ̀ lọ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga náà ti rí i báyìí, ó ti bọ́ bàtà.

Fífò láti orí àpáta sínú omi kì í ṣe eré àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà nìkan. Ní Acapulco ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, àwọn ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa bẹ́ láti orí àpáta La Quebrada sínú ihò òkun tóóró kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wo ìgbà tí ìgbì ń wọlé bọ̀ kí wọ́n tó bẹ́, nítorí pé bí ìgbì bá ti padà, omi ibẹ̀ kì í tó. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti fi fífò láti ibi gíga kún ìdíje àgbáyé àwọn òmùwẹ̀, mítà 27 fún àwọn ọkùnrin àti mítà 20 fún àwọn obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò lè fi òdiwọ̀n wò ó. Ẹni tí ó bẹ́ láti mítà 3 yóò kan omi pẹ̀lú ìyára tí ó súnmọ́ kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Láti mítà 6, nǹkan bí 39. Láti mítà 12, nǹkan bí 55. Omi tí ó rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ́jú kì í rọ̀ mọ́ fún ẹni tí ó bá já lù ú pẹ̀lú irú ìyára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò ka gíga sí ohun tí ó burú jù. Ohun tí ó wà lábẹ́ omi ni wọ́n máa ń bèèrè. Nínú odò tí ó mọ́ bíi dígí, ojú lásán lè rí i. Nínú Odò Green, ẹni tí ó bá ki ọwọ́ bọ omi dé ọrùn ọwọ́ kò ní rí ìka ara rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà ni aṣáájú fi ní àṣẹ kan ṣoṣo tí kò gba àríyànjiyàn. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ́, wọn yóò wa ọkọ̀ lọ sí ìdí àpáta, wọn yóò sọ okùn tí a so òkúta mọ́ sísàlẹ̀, wọn yóò sì wọn omi níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán náà. Ó lé ní mítà mẹ́ta. Kò sí igi, kò sí òkúta. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gun òkè, ó nà tàntàn, ó bẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kan omi. Ariwo tí ó pa nígbà tí ó yọrí lọ gbá ògiri àpáta tí ó wà lódìkejì, ó sì padà wá bá wọn. Ó bẹ́ nígbà méje.

Ọmọ Yorùbá náà jókòó lórí iyanrìn títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣẹlẹ́yà, ìyẹn gan-an ni ó sì gún un. Níkẹyìn ó dìde, ó de ẹ̀wù amúniléfòó mọ́ra gírígírí, ó sì gun pèpéle kékeré. Ibi tí ó dàbí ẹni pé ọwọ́ lè tó láti ìsàlẹ̀ wá di ibi gíga. Ó rí ẹ̀yìn ẹyẹ kan tí ń fò lórí omi, kò sì tíì rí ẹ̀yìn ẹyẹ tí ń fò rí. Ó fẹ́ padà. Kí ó tó parí èrò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí àpáta. Omi wọ imú rẹ̀, ó wọ etí rẹ̀, òkùnkùn aláwọ̀ ilẹ̀ bo ojú rẹ̀, tí kò fi mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀; lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù fà á sókè, tí ó sì bá ara rẹ̀ lábẹ́ ọ̀run tí ó ń hukọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò tún un ṣe mọ́, kò sì tún un ṣe mọ́ lóòótọ́.

Ní òru ọjọ́ náà, mànàmáná ń kọ lókèèrè, níhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀kán òjò díẹ̀ ni ó bọ́ sórí àgọ́ wọn, kò tó láti rẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n nínú aṣálẹ̀, kì í ṣe ibi tí òjò ti rọ̀ ni ọ̀gbàrá ti máa ń pànìyàn. Ilẹ̀ ibẹ̀, àpáta ni. Kò mu omi. Òjò tí ó bá rọ̀ ní ibi tí ó jìn tó ọ̀pọ̀ kìlómítà yóò kó ara rẹ̀ jọ sínú àfonífojì, yóò sì já lu ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ ìràwọ̀. Aṣáájú wọn mọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí kò fi gbà kí wọ́n pàgọ́ sí ojú ọ̀nà omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iyanrìn ibẹ̀ ni ó tẹ́ jù. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já òkúta sílẹ̀. Wọ́n jókòó sínú àgọ́, wọ́n ń fetí sí i. Kò ju wákàtí kan lọ tí ó fi dákẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run mọ́ kedere bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Omi odò ti ga díẹ̀, ó sì ti pupa sí i. Ọmọ Yorùbá náà lọ wo korobá rẹ̀. Ọ̀kan tí ó pọn ní àṣálẹ́ ti tòrò, ìka méjì gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ó bu òmíràn láti fi kún un, ó da álọ́ọ̀mù sí i, ó sì lọ jẹun. Nígbà tí ó padà dé, ó tẹ igi bọ inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó dúró tì í, ó ń wò ó.

Ìgbà náà ni ó gbójú sókè tí ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga náà lórí pèpéle, tí ó ti bọ́ ẹ̀wù, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta lórí àpáta.

“Dúró!” ni ó kígbe. “A kò tíì wọ̀n ọ́n.”

“A wọ̀n ọ́n lánàá. Ibi kan náà ni.”

“Wá wo ẹrẹ̀ tí ó wà nínú korobá yìí. Ìka méjì ni lánàá. Lónìí ó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, inú korobá kan ṣoṣo sì nìyí. Èyí tí ó wà nínú odò ńkọ́? Níbo ni ó rọ̀gún sí?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù ni ó ń bà ọ́. O kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí ni o mọ̀ nípa odò?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, pàápàá nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́, kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ohun tí ó rọrùn láti ṣe ni pé kí ó dákẹ́, kí ó má bàa tún gbọ́ irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí ewu tí ń bọ̀ wá bá ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n sì dákẹ́ nítorí kí a má pè wọ́n ní ojo. Òun kò dákẹ́. Ó gbé korobá náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó rìn lọ sí ìdí àpáta, omi ń dànù sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, láìpariwo mọ́: “Níbo ni ó rọ̀gún sí? Sọ ibẹ̀ fún mi, kí o wá bẹ́.”

Aṣáájú ń ká àgọ́ lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ti ọkọ̀ kan sínú omi, ó sì wà á lọ sí abẹ́ pèpéle. Kò tilẹ̀ mú okùn lọ. Ó ki àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi lóòró. Àjẹ̀ náà kò gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣì wà lókè nígbà tí ó dúró. Ó sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó sún un sẹ́yìn. Níbi kẹta, ó gbé àjẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì fi í kan ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Kò, kò, kò. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Òkúta tí ọ̀gbàrá kó jáde láti inú àfonífojì kékeré ni, òun àti iyanrìn tí ó gbé e lé lórí. Omi ibẹ̀ kò lè bo ìbàdí ènìyàn.

Ẹni tí ó bá fi ìyára kìlómítà 39 já lu òkúta yóò fọ́ ẹsẹ̀, bí orí bá bá a ṣe é tí kò fọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ nínú àfonífojì náà, ibi tí ọkọ̀ yóò ti gbé wọn sì ku ìrìn ọjọ́ méjì. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga náà sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú bí ẹni tí ń bọ̀ láti orí àkàbà tí kò dá a lójú. Ó kọjá lára ẹni tí ó gbé korobá, ó lọ ń di ẹrù rẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Bowknot Bend ní ọjọ́ kẹrin. Powell ni ó tún fún ibẹ̀ ní orúkọ náà. Odò lọ yí ká fún nǹkan bí kìlómítà 11, ó sì padà sí ibi tí kò tó ìdajì kìlómítà sí ibi tí ó ti yà. Wọ́n gun ọrùn òkè tí ó wà láàrin. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí odò kan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, èyí tí ó ń lọ àti èyí tí ó ti dé. Wọ́n jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé fìlà ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà lọ.

Ní alẹ́, nígbà tí ọmọ Yorùbá náà ń rò omi rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga wá jókòó tì í.

“Báwo ni álọ́ọ̀mù tí o ń fi sí i ṣe ń pọ̀ tó?”

“Kò pọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, omi yóò kan.”

Ó fi hàn án nínú àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rò ó, ó sì rò ó ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn kan yóò ní kí ó tọrọ àforíjì kí gbogbo wọn gbọ́. Ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà tọrọ àforíjì kò pin sí ibì kan. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, òun ni ó ń pọn omi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n yà síbi tí ọ̀pẹ àwọn arìnrìn-àjò kan ti gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára àpáta: D. Julien, ọdún 1836, pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ kan. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣáájú Powell. Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Mineral Bottom. Wọ́n kó ẹrù jáde, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí ẹni tí yóò gbé àpótí ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ aṣáájú. Ọkọ̀ gbé wọn gun ọ̀nà eléruku tí ó ń lọ́ wérewère lára ògiri àpáta. Bí wọ́n ti dé òkè ni àwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá kan ti pè nígbà mọ́kànlá.

“Màmá, ẹ kú àìsùn o. A ti jáde.”

“Ṣé o wọ omi náà?”

“Mo wọ̀ ọ́, Màmá.”

Ìyá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè irú omi tí wọ́n ń mu ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ọmọ sì dá a lóhùn pé omi odò náà ni, pé wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n sì sè é. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́ àwọn òyìnbó ní álọ́ọ̀mù. Ọmọ ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ti pèpéle àpáta, kò sọ ọ́. Ó bèèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ dáadáa nílé.